Àlá Rẹ Tí Mo Lọ Rọ́ Gẹ́gẹ́ Bí Tèmi

                                        Ilé Kejì,
                                        Ìdojúkọ Pápá Ìṣeré,
                                        Òpópónà Ilé-Ìkàwé.
                                        Sátidé, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó kí ọ rárá, mo ní ẹ̀sùn kan láti fi kàn ọ́, nítorí pé ìwà tí a bá gbójú fò lónìí ni yóò di bárakú lọ́la. Ní òwúrọ̀ Sátidé tí ó kọjá, o pè mí lórí fóònù. Mo gbé e. O kò kí mi. O kò béèrè bóyá mo jí dáadáa, o kò béèrè ìyàwó mi, o kò tilẹ̀ dúró kí n sọ pé "ta nìyẹn?" Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Bọ̀dá mi, mo tún ti lá a o." Ṣé bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn? Ìyá wa, tí kò wọ iyàrá ìkàwé kankan rí láyé, kò gbà kí ẹnikẹ́ni nínú wa béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ òun kí ó tó kí òun. Mo dá ọ dúró lẹ́nu ọ̀rọ̀, mo ní kí o padà sẹ́yìn kí o sì bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́. O padà sẹ́yìn lóòótọ́. O ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ohùn rẹ ti yí padà nígbà náà.

Ẹ̀bi yẹn jẹ́ tìrẹ, mo sì ti sọ ọ́. Gbogbo ẹ̀bi yòókù tí ó wà nínú lẹ́tà yìí, èmi ni mo ni ín.

Wàyí o, báwo ni ara rẹ? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ǹjẹ́ ó ti ń lè dìde jókòó fúnra rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti ṣubú yẹn, tàbí ìwọ náà ni o ṣì ń gbé e sókè tí o sì ń tẹ́ ẹ lélẹ̀? Ẹ̀yìn rẹ tí ó máa ń ro ọ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àbíkẹ́yìn rẹ ṣì ń pè mí ní Bàbá Rúlà nígbà tí ó bá ti rí i pé mo kẹ́yìn sí òun. Sọ fún un pé etí mi kò tíì fẹ̀yìn tì, àti pé rúlà náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ṣé wọ́n ti bá ọ tún ẹ̀rọ ìránṣọ kejì ṣe? Ní tiwa níhìn-ín, àlàáfíà ni a wà, bí a bá yọ ti eyín mi sẹ́yìn. Ìyàwó mi wà lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ó ní kí n kí ọ. Kò mọ ohun tí mo ń kọ.

Ọ̀rọ̀ eyín yìí ni mo gbọ́dọ̀ fi ṣáájú. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ní ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ti ń payín keke lójú oorun. Ìyàwó mi ní bí ẹni tí ó ń wọ́ bẹ́ǹṣì lórí sìmẹ́ǹtì ni ó ń dún. Ó béèrè lọ́wọ́ mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Kíláàsì wo lẹ tún ń tò lánàá?" Nígbà tí ó yá, ọ̀kan nínú àwọn eyín ẹ̀yìn là sí méjì. Dókítà eyín dí i fún mi. Kò pẹ́, òmíràn tún là. Ọkùnrin náà gbé dígí kékeré ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Sà, mo lè máa dí eyín yìí títí láé. Kì í ṣe eyín ló ń dà yín láàmú. Nǹkan kan wà tí ẹ há mọ́nu." Ó wá júwe obìnrin kan fún mi, dókítà náà ni, ṣùgbọ́n ọkàn ni ó ń tọ́jú, kì í lo abẹ́rẹ́, kì í lo oògùn, ọ̀rọ̀ nìkan ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú u. Mo rò pé àwọn tí orí wọn dàrú ni wọ́n ń lọ sí irú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Mo lọ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Títí di àárọ̀ yìí, ohun tí ìyàwó mi mọ̀ ni pé ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni mo ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Láìpẹ́ yìí ni ó ní, "Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹnu ọ̀nì ni wọ́n ń tún ṣe, ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é tán." Mo dá a lóhùn pé gbòǹgbò eyín mi jìn. Èmi nìyẹn, tí mo fi odindi ìgbésí ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má purọ́.

Òkè ilé ìtajà oògùn kan ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Àga méjì ni ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ nípọn, wọ́n sì fi awọ bò ó kí ohùn má baà jáde. Nínú yàrá, àga gbọọrọ kan wà tí aláìsàn ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sí, àga tirẹ̀ sì wà lẹ́yìn orí ẹni, níbi tí ènìyàn kò ti lè rí ojú rẹ̀. Aago kékeré kan wà lórí tábìlì, òun ni aago náà kọjú sí. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju ti àkọ́bí rẹ lọ, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ń bá a sọ̀rọ̀ bí àgbà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kí i bí ó ti yẹ. Mo béèrè oorun rẹ̀, mo béèrè àwọn òbí rẹ̀, mo béèrè iṣẹ́. Ó ní, "A dúpẹ́, sà," ó sì dákẹ́. Mo tún béèrè àwọn ará ilé rẹ̀. Ó dákẹ́. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, wo ọmọ àkọ́ìgbà tí kò gbẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó tó rọra sọ pé, "Sà, mo ṣàkíyèsí pé ẹ máa ń tọ́jú mi kí n tó rí àyè tọ́jú yín."

Àlá ni ó máa ń béèrè. Kì í sì í tú àlá bí àwọn tí ń sọ pé ejò ni ọ̀tá, omi ni owó. Bí ènìyàn bá rọ́ àlá tán, yóò mú ẹyọ ohun kan nínú rẹ̀, yóò ní, "Kí ni èyí mú wá sí yín lọ́kàn?" Ohun tí ó bá wá, ìbáà kéré, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣiwèrè, èèyàn gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ibẹ̀ ni òun yóò gbà tọ̀ ọ́ lọ títí dé ibi tí ó ti takókó. Ó ní ìtumọ̀ kò sí lọ́wọ́ òun, ẹnu ẹni tí ó lá àlá ni ó wà. Fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ó mú mi.

N kò rí àlá gbé lọ bá a. Irọ́ tún ni ìyẹn: mo ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kí n lè rọ́ ọ. Obìnrin kan sì wà tí àsìkò tirẹ̀ máa ń ṣáájú tèmi, tí n kò mọ̀ ju dídún bàtà rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tí òun àti Dókítà jọ ń rẹ́rìn-ín. Dókítà kò bá mi rẹ́rìn-ín rí. Mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, inú mi sì bàjẹ́ bí ti ọmọ kíláàsì kìíní tí olùkọ́ yin ẹlòmíràn níṣojú rẹ̀. Àgbàlagbà bíi tèmi! Mo ra ọsàn lọ́sẹ̀ kejì. Dókítà dúpẹ́, ó ní òun kò lè gbà á. Mo ru ọsàn padà wálé, ìyàwó mi sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọsàn ni dókítà eyín fi ń san ṣéńjì. Nígbà náà ni mo gbà pé ohun kan ṣoṣo tí a lè gbé dé iwájú obìnrin yìí ni àlá.

Ipò tí mo wà nìyẹn nígbà tí o pè.

Ìwọ ni o ni àlá náà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un sọ bí o ti sọ ọ́, kí o lè rí ohun tí mo fi ṣe. O ní o wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ, gbogbo mọ̀lẹ́bí tò sójú ìlà, kálukú pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. O ń rán an. Ẹsẹ̀ rẹ ń tẹ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń dún, ṣùgbọ́n kò sí òwú nínú rẹ̀. Aṣọ ń wọlé, aṣọ ń jáde, ihò tí abẹ́rẹ́ lu nìkan ni ó wà lára rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń gbà á, wọ́n ń wọ̀ ọ́, wọ́n ń dúpẹ́, kò sí ẹni tí ó wò ó wò. O fẹ́ kígbe pé ẹ má gbé e jáde o, yóò tú mọ́ yín lára lójú títì. Ṣùgbọ́n píìnì kún ẹnu rẹ, bí o ti máa ń kó o sẹ́nu nígbà tí o bá ń wọn aṣọ mọ́ ènìyàn lára, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ pé bí o bá la ẹnu, wàá gbé e mì. Ẹni tí ó wà níwájú pátápátá ń ráhùn pé kọ́là òun kò gún. O wá rẹ́rìn-ín díẹ̀ lórí fóònù, o ní, "Ẹ̀yin ni, Bọ̀dá mi." Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní kọ́là jẹ́ ohun tí ó yẹ kí ó gún.

Lẹ́yìn náà ni o wá sọ ọ́, bí ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ dí àlàfo: "Bọ̀dá, nígbà mìíràn ó máa ń ṣe mí bíi kí n ti ṣọ́ọ̀bù, kí n gba ọ̀nà kejì lọ, kí n má délé mọ́." Mo ní, "Má jẹ́ kí n gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bá mi kí ọkọ rẹ." Mo gbé fóònù kalẹ̀. Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe tẹ̀lé e, àbúrò mi? Mo ń rìn káàkiri pálọ̀, mo ń há àlá rẹ sórí bí ọmọ ilé-ìwé ṣe ń há àkọ́sórí, kí n má baà gbàgbé ibì kankan títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ̀yìn lélẹ̀ tí mo sì ní, "Dókítà, mo lá àlá kan."

Mo rọ́ gbogbo rẹ̀ láìku òwú, láìku píìnì. Ibì kan ṣoṣo ni mo yí padà: mo yọ ara mi kúrò níwájú ìlà, mo fi bàbá wa síbẹ̀. Mo gbọ́ tí àga Dókítà dún lẹ́yìn mi bí ó ti sún mọ́ iwájú. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Píìnì. Nínú ẹnu tí eyín ti ń là." Inú mi dùn! Mo ń sọ fún ọ kí o lè mọ bí mo ti kéré tó: inú mi dùn bí ọmọ tí wọ́n ka àròkọ rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì.

Ó wá béèrè ohun tí píìnì náà mú wá sí mi lọ́kàn. Kò sí nǹkan kan. N kò fi píìnì sẹ́nu rí láyé mi. Mo wá nǹkan kan sọ. Ó béèrè ti òwú. Mo tún wá nǹkan kan sọ. Ṣé o mọ bí ó ti ń rí fún ọmọ tí ó jí èsì ìṣirò wò lára ẹnìkejì, tí olùkọ́ wá pè jáde síwájú pátákó pé kí ó fi ọ̀nà tí ó gbà ṣe é han gbogbo ayé? Èmi náà ni mo lé ọmọkùnrin kan jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò nítorí pé ó na ọrùn. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń na ọrùn.

Dókítà ní, "Ẹni tó wà níwájú yẹn, tó ń sọ̀rọ̀ kọ́là, ṣé kò rí i pé ẹnu yín kún ni?"

Mo ní, "Kò rí i."

"Kí ló dé tí kò fi rí i?"

Mo fẹ́ sọ pé ẹni líle ni bàbá mi. Mo rántí kọ́là náà. Bàbá wa kò wọ aṣọ oníkọ́là rí títí ó fi kú.

Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Àlá yìí ń kọ mí lóminú, sà. Ṣé ó máa ń ṣe yín bíi kí ẹ kàn jáde, kí ẹ má padà sílé mọ́?"

Ọ̀rọ̀ rẹ ni, gẹ́lẹ́ bí o ti sọ ọ́, n kò sì sọ ìyẹn fún un. Inú àlá nìkan ni ó ti rí i. Èmi tí o sọ ọ́ fún ní etí, kọ́là ni mo ń bá ọ jà lé lórí. Obìnrin tí kì í fi ìṣẹ́jú kan lé àsìkò ẹnikẹ́ni wá ní kí n máa padà bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, òun kò fẹ́ kí n dá wà pẹ̀lú èyí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn, àníyàn yẹn, ìwọ ni wọ́n tọ́ sí. Ìtọ́jú rẹ ni mo dùbúlẹ̀ lé lórí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi fìlà mi dé orí, mo lọ sílé.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ojú mi ni orí ọmọ ti wọ́, mo sì gbé ọmọ náà lọ fi gba ìyìn.

N kò lè pè ọ́ ní ọjọ́rú. N kò lè pè ọ́ ní ọjọ́bọ̀. Ní àná tí í ṣe ọjọ́ Ẹtì, mo wọ yàrá Dókítà, n kò fẹ̀yìn lélẹ̀, mo jókòó sí etí àga, mo ní, "Dókítà, àlá yẹn kì í ṣe tèmi." Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi tán kí n tó rántí pé n kò tíì kí i. Èmi! Ìgbà náà ni òwúrọ̀ Sátidé yẹn padà sí mi létí. Mo mọ ìdí tí ènìyàn fi máa ń gbàgbé ìkíni.

Mo retí kí ó bá mi wí bí èmi ìbá ti bá ọmọ wí. Ó ní, "Ti ta ni?"

"Ti àbúrò mi obìnrin. Aránṣọ ni."

"Ṣé ó mọ̀ pé ẹ gbé e wá síbí?"

"Kò mọ̀."

"Ta ló ń gbọ́ tirẹ̀, sà?"

Mo ní, "Èmi ni." Mo gbọ́ ara mi. Mo tún un sọ, mo ní, "Èmi ni ó yẹ kí ó jẹ́."

Ó wá béèrè ìdí tí àlá tèmi kò fi ṣeé gbé wá. Mo ti gba ìtìjú kan, kò sí ohun tí èkejì lè gbà lọ́wọ́ mi mọ́, mo bá rọ́ ọ. Nínú àlá tèmi, mo jẹ́ ọmọ kékeré ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́. Dókítà yìí ni ó ń bá mi so táì mọ́ ọrùn, èmi sì ń gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kí táì náà máa tú, kí ó lè máa tún un so. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbọ̀n mí. N kò ní ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún ọ. Nígbà tí mo nu ojú tán, Dókítà, tí kì í kí ènìyàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ní, "Ẹ káàbọ̀, sà."

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun mi fún ọ. Ó kọ̀. Ó ní òun kò lè gba ọmọ ìyá kan náà méjì, nítorí pé òun yóò máa gbọ́ ohùn ọ̀kan lẹ́nu èkejì. Ó sì kìlọ̀ fún mi gidigidi pé ohunkóhun tí òun bá sọ nípa àlá náà, kí n má gbé e wá fún ọ bí èsì ìdánwò, torí ẹni tí ó ni ín kò sí ní ìjókòó. Nítorí náà, n kò kọ ìtumọ̀ kankan síhìn-ín. Ìbéèrè tí ó bi mí ni mo kọ, àti èyí tí n kò lè dáhùn. Ṣùgbọ́n ó júwe obìnrin mìíràn tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, tí ó dàgbà ju òun lọ, tí ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, lókè ilé ìfowópamọ́ tí ó wà ní oríta. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù ni.

Mo pè ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ àná. O kí mi. O béèrè oorun mi, o béèrè ìyàwó mi, o béèrè eyín mi, o kò fo ọ̀kankan. Lẹ́yìn náà o ní kò sí nǹkan kan, àlàáfíà ni. Mo gbọ́ píìnì lẹ́nu rẹ, àbúrò mi. Èmi ni mo kó o síbẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ nígbà náà, eyín mi pàdé, mo ní ó dàárọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé.

Ẹ̀sùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí ṣì wà lókè níbẹ̀ bí mo ti kọ ọ́. N kò pa á rẹ́, kí o lè rí irú ẹni tí ó ń gbé fóònù rẹ. Fi gègé rẹ fa ìlà lé e.

Bá mi kí ọkọ rẹ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kí i lẹ́yìn tí o bá ti sinmi. Kí àwọn ọmọ. Ìyàwó mi ni yóò mú lẹ́tà yìí wá fún ọ lọ́la, yóò sì sùn lọ́dọ̀ rẹ. Kí ó tó kúrò nílé, màá ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti eyín. Ìtìjú kò jẹ́ kí n lè tètè kò ọ́ lójú, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, èmi náà yóò ti dé láti jókòó ti ọkọ rẹ. N kò ní bi ọ́ léèrè ohun tí o lọ sọ.

Ohun tí ìwọ yóò ṣe nìyí. Ní Ọjọ́ Ajé, má ṣí ṣọ́ọ̀bù. Lọ sí ibi ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù yẹn, gun àtẹ̀gùn, kan ilẹ̀kùn, kí o sì gbé àlá rẹ fún obìnrin náà pẹ̀lú ẹnu ara rẹ. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bí ọ̀nà kejì yẹn bá sì tún pè ọ́ kí Ọjọ́ Ajé tó dé, pè mí. Má kí mi. Sọ̀rọ̀.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ojú ń tì,
                                        Bàbá Rúlà.